Igi Ìwọ́ Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Skokie nílùú òyìnbó, wọn kì í bi àlejò ilé wa bóyá ó ti jẹun. Ìbéèrè tí bàbá mi ní fún un ni pé, "Ṣé ẹ mọ igi yìí?"

Ẹ má rò pé a ní igbó. Igi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ilé wa. Lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi obìnrin ni bàbá mi rà á, torí pé gbogbo òyìnbó àdúgbò ló ní igi ọ̀ṣọ́. Ìyá mi ò bá òyìnbó kankan díje ní tirẹ̀. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ náà já, ó sin ín sábẹ́ igi yẹn, bí wọ́n ti sin tirẹ̀ sábẹ́ igi obì nílé. Bí igi ṣe di ti àbúrò mi nìyẹn. Bó bá jí, á lọ kí i. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, á fẹ̀yìn tì í ká lè wo ẹni tó ga jù. Igi ló máa ń borí, inú ẹ̀ a sì máa dùn bí ẹni pé òun ló borí.

Àlejò tí kò bá mọ igi náà gbé. "Dìgírì méjì, ẹ ò mọ igi bíìṣì? Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?" Bàbá mi á ṣàlàyé bíìṣì títí oúnjẹ á fi tutù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ òun náà nípa igi rí. Ó kàn rí i pé èèpo rẹ̀ láwọ̀ eérú, ó sì parí ìwádìí síbẹ̀.

Dókítà eyín kan tó ń gbé ní Bolingbrook ló jìyà ẹ̀ jù. Ó mú ìyàwó tuntun wá kí wa, bàbá mi bi í léèrè igi lójú ìyàwó, dókítà ní bóyá máńgòrò òyìnbó ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ìyàwó fi bá a rẹ́rìn-ín. Kò rántí pé iwájú ẹni tó ń fi yíyọ eyín jẹun lòun ti ń ya ẹnu.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí ilé kún fún àlejò, dókítà náà padà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, ó dìde, ó ṣí bùùtù mọ́tò ẹ̀, ó sì yọ ẹ̀ka igi kan.

"Ẹ̀gbọ́n, bíìṣì rèé. Páàkì ni mo ti já a, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi wé tiyín."

Ó já ewé igi wa. "Etí ewé bíìṣì dán. Tiyín ní eyín wẹ́wẹ́ lórí eyín ńlá, ẹ sì mọ̀ pé èmi mọ eyín. Ẹ fọwọ́ pa ara ẹ̀, ó le kókó bí apá alágbẹ̀dẹ. Ẹ tún wo èso ẹ̀ tó ń rọ̀ bí ìdì bébà. Họ́ọ̀nbíìmù ni, ẹ̀gbọ́n. Ọdún márùn-ún lẹ fi pe ewúrẹ́ yín lágùntàn!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ gé kéèkì fún ọkùnrin náà. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó gbé ayùn.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ́ ọmọ yín wà níbẹ̀."

"Màá ra òmíràn. Bíìṣì gidi."

Kéèkì ṣì wà lẹ́nu àbúrò mi. "Dádì, ṣé ẹ máa ra òmíràn dípò èmi náà?"

Bàbá mi gbé ayùn lé ìdí igi. Igi náà le bí egungun, ó rẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bíìṣì gidi tó rà, òtútù ọdún yẹn pa á. Nígbà tí yìnyín yọ́, kùkùté igi tó gé rúwé, ó yọ ẹ̀ka yí ká. Kí ooru tó mú, bàbá mi ti ń fa àlejò lọ sẹ́yìn ilé: "Ẹ ò mọ họ́ọ̀nbíìmù? Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?" Àbúrò mi kò bá a débẹ̀ mọ́, kò sì fẹ̀yìn ti igi náà mọ́ láé.

Ayé ti yí báyìí, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá mi ti sùn oorun ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni ò sì nílò kó tẹ́ nítorí orúkọ igi. Láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi na fóònù sí igi náà, orúkọ jáde wàrà. Mo ní kó bi fóònù ẹ̀ pé ìwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi, ìyá ẹ̀, ti wà nínú mọ́tò níwájú ilé, ó ń tẹ fèrè pé kó máa bọ̀.