Fáìlì Géèmù Ìyàwó Mi

Ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó sì ń tún fáìlì tí kọ̀ǹpútà wa fi ń ṣí géèmù àtijọ́ kọ. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, géèmù kò ṣí mọ́. Bí mo bá tún ìlà kan ṣe nínú fáìlì náà, òmíràn a bàjẹ́, kọ̀ǹpútà a sì dún gbìì.

Bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ilé òbí rẹ̀ ṣe dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe wa ní Òkè-Àfà, nínú yàrá tó ń ta sánsán ẹja díndín. Mo ń fọwọ́ gbá kásẹ́ẹ̀tì géèmù tó wà nínú ẹ̀rọ.

“Olódo! Ṣé ejò lo ń pa ni?” ó ké mọ́ mi.

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tì í padà sínú ẹ̀rọ, géèmù ṣí. Mo gbà pé èémí rẹ̀ lágbára. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé yíyọ tó yọ ọ́ tó sì tún tì í padà ló ṣe é, kì í ṣe èémí rẹ̀.

Títí di àná, n kò fẹ́ yọ fáìlì tó kọ kẹ́yìn kúrò níbi tó fi í sí. Lónìí, mo gbé fáìlì rẹ̀ sí ọ̀tọ̀, n kò pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ fáìlì tuntun fúnra rẹ̀, géèmù sì ṣí.