Fótó Táyé àti Kẹ́hìndé tí Sùlè Gbé Lọ sí Kùtọnú

Ilé Sùlè Onífótó àti ilé wa ló kọjú síra ní Kétu. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ìyókù. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó wá bá mi.

Sùlè kì í ṣe akíkanjú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa retí ohun tí kò sí. Bí ṣọ́jà bá ń bọ̀ lójú pópó, Sùlè á ti wọlé kí àwa tó kù tó gbúròó bàtà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú ẹ̀yìn ẹ̀rọ fótó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Láti Odomèta títí dé Adakplamè, òun ni gbogbo ènìyàn ń wá bí wọ́n bá fẹ́ ya fótó káàtì, èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìdánimọ̀. Arúgbó tí kò ní eyín kan lẹ́nu, Sùlè á yà á, á dùn ún wò.

Àyìsátù aya rẹ̀ bí ìbejì obìnrin fún un. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà mú Kẹ́hìndé lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ẹnu sọ pé ìbejì kú. À á ní ó lọ ṣẹ́gi lóko. Bàbá kò gbọdọ̀ sunkún, ìyá kò gbọdọ̀ sunkún, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kí ó sì tẹ̀lé ìkejì rẹ̀. Ìyá Àyìsátù ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún ọmọ tó lọ. Sùlè ní Mùsùlùmí ni òun, fótó ni òun yóò yà. Ó fi pátákó dúdú bo ìdajì ojú ẹ̀rọ, ó ya Táyé lápá ọ̀tún. Ó wá fi aṣọ Kẹ́hìndé wọ ọmọ kan náà, ó gbé e jókòó sápá òsì, ó ya ìdajì kejì. Nígbà tí fótó náà jáde, ọmọ méjì ló jókòó sórí àga gígùn kan, o kò lè rí ibi tí ó ti pa wọ́n pọ̀. Àyìsátù gbé e kọ́ sí yàrá. Bí ó bá fún Táyé ní àkàrà, á fi díẹ̀ síwájú fótó náà.

Ọdún mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978, ìwé dé pé wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn ńlá fún àwọn onífótó ní Kùtọnú. Àwọn òyìnbó oníṣòwò yóò kó ẹ̀rọ àti pépà wá, kí onífótó kọ̀ọ̀kan sì mú mẹ́wàá tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ dání. Sùlè ṣa mẹ́sàn-án. Ó wá ìkẹwàá títí, kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí Àyìsátù lọ sọ́jà, Sùlè yọ fótó ìbejì kúrò lára ògiri, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ìgbéraga ni. Mo sọ ọ́ sí i lójú nígbà tó yá, kò jiyàn.

Kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà tí àwọn ọmọ ogun àjèjì fi bàálù balẹ̀ sí Kùtọnú láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n yìnbọn kiri ìlú. Láti ìgbà náà, ojú amí ni wọ́n fi ń wo gbogbo àlejò. Àwa tí a sún mọ́ bodè Nàìjíríà, ìwò tiwa tún yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn ṣọ́jà dá mọ́tò tí Sùlè wọ̀ dúró kí ó tó dé Àjàṣẹ́.

Nígbà tí ó wọ gbọ̀ngàn àfihàn náà, ó rí ohun tí kò rí rí. Ẹ̀rọ tó ń sọ fótó kékeré di ńlá wà níbẹ̀, iná mànàmáná ló ń lò. Fótó aláwọ̀ wà káàkiri ògiri. Òyìnbó kan fi pépà kan sí i lọ́wọ́, ó dán bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Fún bí wákàtí kan, ọkùnrin yìí gbàgbé ẹ̀rù pátápátá, ó ń rìn láti tábìlì dé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan tó wọ kakí ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn onífótó wò kí wọ́n tó kọ́ ọ sí ògiri. Kàmáráàdì Pierre ni wọ́n ń pè é. Ó nawọ́ pe Sùlè, fótó ìbejì ló mú dání.

"Ẹ̀húzú!"

"Dandan!" Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣọ́jà ní kí a máa kí ara wa nígbà náà.

"Àwọn wo nìyí?"

"Ọmọ mi ni, kàmáráàdì. Ìbejì ni wọ́n."

Pierre mú awò kan tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó gbé e lé ojú ọmọ kìíní, ó gbé e lé ojú ìkejì. Táyé ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì, níbi tó ti ṣubú lu etí ọlọ. Àpá náà wà lójú àwọn méjèèjì. Sùlè tó ya fótó náà kò rò ó rí.

"Ìbejì lè jọra," ni Pierre wí. "Ṣé wọ́n tún jọ fara pa síbì kan náà ni?"

Ó mú Sùlè wọ bíróò kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi Nàgó, Yorùbá ti Pọ́bẹ̀, bá a sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lò ń ya fótó káàtì ní Kétu. O sì lè sọ ẹnìkan di méjì. Èèyàn mélòó lo ti ṣe é fún lára àwọn tó ń gba bodè kọjá?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, kàmáráàdì..."

"Ọmọ kejì dà?"

Ìbẹ̀rù mú Sùlè. Ó mọ àwọn tí wọ́n ti mú lọ sí ẹ̀wọ̀n àríwá tí ará ilé wọn kò gbúròó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ ohun tí wọ́n ń béèrè, tí Táyé bá lọ ńkọ́?

"Ó lọ ṣẹ́gi," ni ó wí.

Pierre kò rẹ́rìn-ín. "Nàgó ni ìyá mi. Mo mọ ohun tí ò ń wí. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ kọ yìí, ohun méjì péré ló wà níbẹ̀: ó wà láàyè, tàbí ó kú. Bí o bá ní ó wà láàyè, a ó rán ṣọ́jà lọ mú un wá láti Kétu. Bí wọn kò bá rí i, ìwọ la ó mú."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi kọ ọ́."

Pierre ti bírò sí i. "Èmi náà bí ìbejì. N kò ní fi ọwọ́ mi kọ ọ́."

Ó pẹ́ kí Sùlè tó mú bírò náà. Ó fi Faransé kọ ọ́, ó ní bóyá bí òun kò bá fi èdè ilé kọ ọ́, ọmọ náà kò ní gbọ́. Pierre ní kí ó fi Nàgó kà á sókè, kí ó dá òun lójú pé ohun tó kọ yé e. Sùlè kà á: "Kẹ́hìndé ọmọ mi kú." Pierre fi ìka méjì mú etí ìwé náà, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ó gba fótó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa lọ sílé.

Sùlè kò wo ẹ̀rọ kankan mọ́. Láti Kùtọnú títí dé Kétu, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ mọ́tò, òun á rò pé ó ń bọ̀ wá túfọ̀ ọmọ fún òun ni. Ní Pọ́bẹ̀, ó rí obìnrin kan tó káwọ́ lérí, ó yíjú kúrò títí mọ́tò fi jáde nílùú.

Ọ̀sán gangan ló wọlé. Táyé ń ta òkúta níwájú ilé. Bàbá rẹ̀ sáré fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ara rẹ̀ gbóná. Oòrùn ni, àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ pé oòrùn ni, ṣùgbọ́n ojú Sùlè yí padà. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ wọlé bá ìyá rẹ̀.

Àyìsátù kò kí i káàbọ̀. "Fótó ọmọ mi dà?" ni ó wí. Sùlè sọ fún un. Ó sọ ohun tí òun kọ àti ohun tí òun kà.

Sùlè ń retí pé yóò bú òun. Kàkà bẹ́ẹ̀, igbe ló bọ́ lẹ́nu Àyìsátù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe Kẹ́hìndé, ó ń sun ẹkún ọdún mẹ́ta pa pọ̀. Gbogbo àdúgbò sáré wọlé. Mo wà lára wọn, ẹnu mi tí kì í gbélé ló sì béèrè, títí dòní mo ń kábàámọ̀ rẹ̀: "Ta ló kú?"

Sùlè wò mí.

"Kẹ́hìndé ni," ni ó wí.

Táyé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá," ni ó wí, "ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ń dùn mí." Sùlè kò fi í sílẹ̀.