Omi Tí Thérèse Gbé Lọ Sí Oko Sàká

Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Sàká ará Odomèta kò da omi kankan síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó fẹ́ ṣú Thérèse ìyàwó olóògbé lópó, bí àṣà ṣe wí. Thérèse ní òun ti ṣe ìrìbọmi, òun kò lè di ìyàwó kẹta ẹnikẹ́ni. Inú bí Sàká, ó lé e jáde, ó sì gba gbogbo ìkòkò omi òjò tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lórí ilẹ̀ Kétu yìí, tí kànga jìn bí ọ̀run, tí ẹ̀ẹ̀rùn kì í mọ ojú opó, ẹni tó gba omi lọ́wọ́ rẹ ti fẹ́ kí o kú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á.

Ọdún kejì òmìnira ni ilẹ̀ gbígbóná, àìsàn tí í fi egbò bo ara, wọ abúlé. Sàká ló kọ́kọ́ mú. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré oko rẹ̀ lọ́nà Idigny, torí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í gbé àárín èèyàn. Ẹni tó ti ṣe é rí tó sì yè ló máa ń tọ́jú wọn, nítorí àìsàn náà kì í mú èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bàbá kan ṣoṣo tó ní àpá rẹ̀ lójú ti dolóògbé. Àwọn ìyàwó Sàká sá lọ sílé bàbá wọn. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ gbẹ.

Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé ikú ló dé. Thérèse ni, ó ru omi.

"Ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ mu omi ná, ọkọ mi."

Sàká wo ojú rẹ̀. Ojú náà ń dán, kò sí àpá kan níbẹ̀. "Padà sílé. O ò tíì ṣe é rí."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo la ń sọ pé Jésù kú fún ọ̀tá rẹ̀. Ẹnu dùn ún rò'fọ́."

"Èmi ni mo gba ìkòkò rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ gbà á. Ẹ lanu."

Ẹni tó bá wọ irú ahéré bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé kànga ìlú mọ́. Kòtò tí ẹran ìgbẹ́ ti ń mumi ni Thérèse ti ń bu omi, á sẹ́ ẹ, á sè é, á fi po ẹ̀kọ fún un. Ìtìjú ń jẹ Sàká ju egbò lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú Thérèse ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá egbò ti yọ níbẹ̀. Egbò tirẹ̀ gbẹ, ó lè dìde jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí egbò níwájú orí obìnrin náà.

Ó ṣe gbogbo ohun tó rí i tí obìnrin náà ṣe. Ó lọ bu omi ní kòtò, ó sẹ́ ẹ, ó sè é. Thérèse kò lè gbé e mì. Ó kú sí i lọ́wọ́.

A kì í sunkún ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá pa, ńṣe là ń dúpẹ́, kó má baà padà wá mú ẹlòmíì. Àwọn àgbà dúró lókèèrè, wọ́n ní kí Sàká dá ariwo tó ń pa dúró. Pierre tó ń ka Bíbélì fún ìjọ wà láàárín wọn, òun náà kò sún mọ́ tòsí. Ẹ̀rù kò mọ onígbàgbọ́. Sàká tó torí àṣà lé opó síta káwọ́ lérí, ó ń ké.

"Sàká, dúpẹ́," ni wọ́n ń wí.

"Ikú tèmi ló kú yìí," ó ní. "Mi ò dúpẹ́."