Ọkọ mi sùn ni, kò kú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi kẹ́dùn mọ́. Ọkọ mi ò kú.

Àárọ̀ òní la padà dé Hamburg láti etí òkun ní Gambia. A fi oòrùn sílẹ̀ níbẹ̀, a wá bá òjò níbí, gbogbo igi àdúgbò ti ń wọ́wé. Ó ti rẹ̀ wá. Ọkọ mi kó sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ̀n títí ó fi sùn lọ.

Ni ìyá ẹ̀ bá pè láti Berlin. Èmi tí mo fi gbogbo ìsinmi wa kọ́ Yorùbá lórí yanrìn, mo ní kí n dáhùn bí ọmọ ilé.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ sinmi, mà."

"Kí lo wí?"

"Ara ẹ̀ ti tutù, mà."

Wọ́n ké "Innā lillāhi", fóònù sì jábọ́. Kí n tó jí ọkọ mi, àwọn ẹbí ti ń pè mí, wọ́n ń kí mi kú ará fẹ́ra kù.

Nígbà tí màámi gbọ́ ohùn ọmọ wọn, wọ́n ní kó gbé fóònù fún mi.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, Jámánì ni kó o máa bá mi sọ."



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, báwo lẹ̀ bá ṣe sọ ọ́?