Bàbá Ní Kí Epo Má Kàn Án, Òróró Ló Kàn Án

Ẹ bá mi kan sáárá sí àwọn tó ń ta òróró àdúrà sí nǹkan tuntun, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀! Ní apá Lẹ́kí níbí, ta ló ń ra nǹkan lásán? Mọ́tò gba òróró. Jẹnẹrétọ̀ gba òróró. Mo mọ ọ̀gá kan tó ta á sí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ya á nígbà tí òróró ń dán gbinrin nínú oòrùn, ó gbé e sórí WhatsApp, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ò fi yangàn o. Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!

Ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tí ojú mi rí lórí bíríìjì Ajah.

Mo ní kẹ̀kẹ́ kan, mọ́ńtìn-báìkì tòkunbọ̀, tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mọ́ńtìn wo ló wà ní Ajah? Bíríìjì yẹn nìkan la ní.

Bíréèkì ni wàhálà rẹ̀. Ti àtijọ́ ni: rọ́bà méjì tó ń fún irin táyà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àdúgbò wa nígbà òjò. Omi á bo ọ̀nà, irin á tutù, rọ́bà á máa yọ̀. Tí mo bá tẹ bíréèkì níwájú ilé wa, iwájú ilé kẹta ni mo máa dúró.

Mo fẹ́ bíréèkì oní-díìsì, èyí tí àwo irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín táyà, tí bíréèkì ń gbá mú bí ẹni gbá olè mú. Àmọ́ kò sówó rẹpẹtẹ. Bàbá Kabírù, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà Lángbásà, ló là mí lóye. Ó ní ihò tí wọn á fi de bíréèkì oní-díìsì ti wà lára kẹ̀kẹ́ mi tẹ́lẹ̀, kí n má wulẹ̀ ra òmíràn. Kí n wá táyà iwájú kan tòkunbọ̀ tó ní díìsì, kí n ra bíréèkì oní-wáyà. Ti ẹ̀yìn á dúró dé oṣù tó ń bọ̀.

Ó ṣe é tán lọ́jọ́ Ẹtì. Ó na ìka sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ o. Epo ò gbọdọ̀ kan díìsì yìí. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi jẹ àkàrà pàápàá, ẹ má fi kàn án!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Bàbá, mo kàwé o. Ó ní òun ò sọ̀rọ̀ ìwé, epo lòun ń sọ.

Mo délé, Màmá mi, tí a jọ ń gbé, jáde pẹ̀lú ìgò òróró wọn. Mo ní Bàbá Kabírù ní kí epo má kàn án. Wọ́n wò mí bí ẹni tí iléèwé ti bà jẹ́.

"Káyọ̀dé, èyí jọ epo lójú ẹ? Epo la fi ń se ọbẹ̀. Òróró nìyí!"

Nínú ilé wo ni wọ́n ti ń pe òróró àdúrà ní epo? Wọ́n ta á sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín, mo ya fọ́tò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun bíríìjì náà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, tírélà kan tó ń lọ sí pọ́ọ̀tù wà lápá òsì mi, ó gùn bí ìwàásù. Nísàlẹ̀, ìyá kan tó pọn ọmọ, tó gbé agbọ̀n ẹja rù, bọ́ sójú ọ̀nà. Tírélà ló ń wò. Kò rí mi.

Mo tẹ bíréèkì iwájú. Kò mú!

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ń sáré lọ. Mo fún un tí ìka mi fẹ́ẹ̀ kán. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, ó kàn ń fọwọ́ pa táyà lórí ni.

Òsì, tírélà. Ọ̀tún, ògiri. Iwájú, ìyá àti ọmọ. Níbo ni kí n yà sí?

Mo pariwo pé, "Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà! Kò sí bíréèkì!" Ó yíjú, ó rí mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú sójú kan. Orí ọmọ náà yọ lẹ́yìn èjìká rẹ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì walẹ̀, mo tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́ ògiri. Irin ha ògiri, orúnkún mi ha ògiri, bàtà mi kan já. Kẹ̀kẹ́ dúró. Ààyè tó wà láàárín táyà mi àti ìró ìyá náà kò gùn tó apá.

Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Ṣé orí ẹ pé? O dé akoto, o ò ní bíréèkì!"

Mo ní ẹ má bínú, tuntun ni. Ó ní tí tuntun bá rí báyìí, kí n lọ gbé ti àtijọ́ jáde.

Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kabírù, mo sì pe Màmá mi, wọ́n sáré wá. Bàbá fi ìka kan díìsì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ta ló fi epo sí i? Màmá mi ní epo kọ́, òróró ni, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí tí àwọn ta sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ṣàn débẹ̀.

Bàbá figbe ta. "Màmá, díìsì ò gbọ́ Yorùbá! Ohunkóhun tó bá ń yọ̀ ni mo wí!"

Màmá mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn làwọn ì bá fi pa ọmọ àwọn àti ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ń wo ilẹ̀.

Bàbá fi sípírítì fọ díìsì, ó pààrọ̀ páàdì tó ń gbá a mú. Ó ti wá ń mú ṣinṣin báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yí bíréèkì pa dà, ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kẹ́ ẹ tó gun bíríìjì, kí ohun tó ń yọ̀ má sì kàn án, orúkọ yòówù kó máa jẹ́. Kí lẹ̀yin náà ti bà jẹ́ rí nítorí fọ́tò? Ẹ wá wí i nísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Òróró yín kò kúrò lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ wọlé, díìsì náà kò dán tó nínú fọ́tò, mo mú ìgò yín tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níta, mo ta á sí i, mo fi ìka pa á yí ká. Èmi ni.