Èyí Tó Ń Jókòó Jẹ́ẹ́

Láti ọjọ́ tí a ti sọ àkọ́bí mi obìnrin lórúkọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Hajia, ti ní àwọn ni yóò tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Dagomba ṣe ń ṣe ní Tamale, ní Ghana níbí, àwa Yorùbá tí a ń bá wọn gbé ti mú un bí àṣà wa: arábìnrin bàbá a máa gba ọmọ tọ́. Ọmọ mi mọ̀. Tó bá ti gbọ́ "Kalpohin" báyìí, inú rẹ̀ a dùn, torí àgbàlá Hajia níbẹ̀ gbòòrò, ó ṣeé sáré.

Eré sísá ni iṣẹ́ tiẹ̀. Rán an lómi, yóò gbé ife sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa lé ewúrẹ́. Bá a wí, yóò sunkún títí yóò fi bì. Ìgbà tí àwọn olùwádìí láti yunifásítì wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé ọmọ mi, ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, fi Hausa ṣàlàyé fún mi.

"Kì í ṣe oríkunkun. Ìjánu ọpọlọ rẹ̀ ni kì í tètè mú. Iṣẹ́ ẹyọ kan ni kí o máa rán an lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ń bínú, jẹ́ kó rọlẹ̀ kí o tó bá a sọ̀rọ̀."

Mo sunkún níwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé èmi ni mo ba ọmọ jẹ́!

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Hajia lọ, àwa méjì péré, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe mú un. Wọ́n dì mọ́ mi. "Ìyàwó, o ṣeun tó o fọkàn tán mi."

Ìsinmi dé, wọ́n wá mú ọmọ. Àkọ́bí mi ti wọ híjáàbù tuntun, ó jókòó lé báàgì rẹ̀. Hajia kọjá lára rẹ̀, wọ́n fa ọmọ mi kejì, àbúrò rẹ̀, lọ́wọ́.

"Èyí tó ń jókòó jẹ́ẹ́ ni mo fẹ́."

"Hajia, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní..."

"Ìwọ náà kọ́ lo sọ fún mi pé ọpọlọ ẹni yìí ò pé? Wàláhì, ta ló ń ra ewúrẹ́ tó ń já okùn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wo ọkọ mi. Fóònù ló ń wò. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó yé e, ó ju báàgì, ó ju bàtà, ó ń forí gbá ògiri. Mo jókòó tì í nílẹ̀, mo ki ọwọ́ sáàárín orí rẹ̀ àti ògiri, mi ò sọ̀rọ̀, títí ó fi rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó ti èmi.

Mo dìde, mo lọ gbé àbúrò rẹ̀ kúrò nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Hajia ti gbé e sí níta.

"Ìyàwó, ṣé o ya wèrè ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Hajia. Ẹ máa lọ."

Láti ìgbà náà, ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Àkọ́bí mi wá bá mi ní ìdí ààrò: "Mama, tí mo bá jókòó dáadáa, ṣé Hajia á wá mú mi?"

"Má jókòó fún ẹnikẹ́ni," mo ní. "Lọ sáré níta."

Kò lọ.