Abuké, Òkúta Ìpọ́nrin Ọkọ Mi

Nínú gbogbo òkúta tó wà ní Ọ̀sì, ìlú wa, eléyìí nìkan ló wu ọkọ mi! Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń pọ́n àdá. Àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú, abẹ́ rẹ̀ sì yọ iké, la bá ń pè é ní Abuké. Kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ mi á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á wọ́n omi sí i, á wá máa fa àdá lórí rẹ̀. Mo ní kó ra fáìlì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní fáìlì ń jẹ irin ni, kò mọ̀ ọ́n pọ́n.

Náírà kò tíì pẹ́ tó dé nígbà tí ẹ̀gbà gbé e. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. A dé ilé ìwòsàn, a dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúrà, pàbó ló já sí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló padà bọ̀ sípò, ẹnu ọ̀hún kò sì dákẹ́: “Bí àdá mi bá ti mú, mo ń lọ oko.”

Oko iṣu wa wà lọ́nà Koro, koríko sì ti ń bò ó. Mo ní kí n wá ẹni tí yóò bá wa ro ó. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ebè òun, òun àti onítọ̀hún ni.

Láràárọ̀ ló ń wọ́ lọ sídìí Abuké. Bó bá ti fa àdá báyìí, òkúta á yí lọ.

“Ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú.”

“Ṣé mo pè ọ́ ni?”

Olóríkunkun! Màá fi ìbínú kọrí sí ilé ìdáná, màá máa fọ ìkòkò tó ti mọ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún un?

Lọ́jọ́ kan, ó pè mí. “Ìyá àwọn ọmọ, wá bá mi dì í mú.”

Ọlọ́run mi! Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di òkúta náà mú. Ó pọ́n ọn, ó pọ́n ọn, títí ẹnu àdá fi ń kọ mọ̀nà. Ó gbé e wá sórí itan, ó fi ẹnu àdá ra àtàǹpàkò òsì, bí àgbẹ̀ ṣe máa ń dán an wò. Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó ń kán sí ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀nà oko ló ń wò ní tirẹ̀; kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun.

“Kò tíì mú,” ó ní. “Dì í mú dáadáa.”

Mo tún dì í mú.